Bí Ìbòmú Bá Já Wálẹ̀: Afẹ́fẹ́ Inú Bàálù àti Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Múra fún Un

Ọ̀rá ìpékeré kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi àti ìyá mi jọ ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìkẹjà ló ti ra ìpékeré náà, ọ̀rá rẹ̀ sì rọ̀ nígbà tó ń kì í bọ báàgì. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan lókè, ó ní kóun jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe fà á yọ, ọ̀rá ti wú, ó le bí awọ ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wojú mi, ó ní, "Ta ló fẹ́ atẹ́gùn sínú èyí?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn tí wọ́n dì mọ́ ọn ní Èkó náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà níta ọ̀rá ni agbára rẹ̀ ti dín kù, ni ti inú bá ráyè na ara rẹ̀. Mo ní, "Màmá, bó ṣe ń ṣe ọ̀rá yìí náà ló ń ṣe ikùn yín àti etí yín." Ó rọra dá ìpékeré padà sínú báàgì.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹbí tó bá fẹ́ wọ bàálù ló ń pè mí. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí, láti ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì kò tíì dọ́wọ́ yín títí dìgbà tẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ jókòó sí

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sí ọ́síjìn lókè. Ó wà níbẹ̀. Ní etí òkun Èkó, tẹ́ ẹ bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 21 ni ọ́síjìn. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí bàálù ńlá sábà máa ń fò, 21 náà ni. Ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá ló yàtọ̀. Ipá yẹn ló ń ti ọ́síjìn kọjá láti ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tó bá sì fi máa di 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti ilẹ̀. Èèyàn á máa mí, àyà á máa lọ sókè sódò, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú bàálù. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù, ẹ́ńjìnnì ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń fún un pọ̀. Wọ́n á tù ú kó má gbóná mọ́, wọ́n á tú u sọ́dọ̀ èrò, ẹnu ihò kan tó ń ṣí tó sì ń padé á wá máa jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀. Boeing 787 ní tiẹ̀ kò gba ti ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ oníná ló ń bá a fún un. Tẹ́ ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì dáadáa, ẹ máa rí ihò kékeré kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Gíláàsì ti àárín ló wà, kì í ṣe ti ìta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹrù ipá afẹ́fẹ́ wà lọ́rùn gíláàsì ìta, kí ti àárín wà ní ìpamọ́ de ọjọ́ tí ti ìta bá sán.

Ṣùgbọ́n wọn kì í fún afẹ́fẹ́ náà débi tó máa fi rí bíi ti ilẹ̀, torí ara bàálù ò ní lè gbà á láìjẹ́ pé wọ́n mú kó nípọn, kó sì wúwo sí i. Òfin gbà pé kí inú bàálù rí bí ibi tó ga tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 2,438. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, mítà 2,419 ni gíga rẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ẹ jókòó sórí ṣóńṣó òkè yẹn fún wákàtí mẹ́fà, ẹ ń jẹ ìrẹsì. Ẹni tó bá sì ti gba Addis Ababa kọjá rí, tó rí i pé òun ń mí hẹlẹhẹlẹ bóun ṣe ń fa báàgì gun àtẹ̀gùn ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, ó ti tọ́ ọ wò, torí ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bẹ́ẹ̀. Boeing 787 àti Airbus A350 sàn díẹ̀: nǹkan bíi 6,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń mú un mọ. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tàbí aláìlera lẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, tówó ẹ̀ ò sì yàtọ̀ púpọ̀, èyí ni kẹ́ ẹ mú.

Bí ara bá le, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún nílẹ̀ lè wálẹ̀ sí 90 sí 94 lókè, èèyàn ò sì ní mọ̀ ju pé oorun ń kùn ún. Mo ki ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka bọ ìka ìyá mi: 97 ní Ìkẹjà, 92 lórí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ yìí o. Ó lè ka iye tó ga ju òótọ́ lọ lára àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Bó bá ní 92, tí èémí ò délẹ̀, tí ètè ń ṣú, ara ẹni náà ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, torí náà màá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ní kẹ́ni tó ń rìnrìn àjò rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó mítà 50, láìsáré, láìdúró. Bí èémí bá gé e kó tó débẹ̀, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì títí tẹ́ ẹ máa fi rí dókítà. Ìdánwò àtijọ́ ni, kò sì lè rọ́pò ti ọsibítù, ṣùgbọ́n ó máa ń já irọ́ àwọn àgbà tó ń sọ pé "kò sóhun tó ṣe mí". Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bà jẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ojú, àyà tàbí ikùn gbọ́dọ̀ béèrè. Afẹ́fẹ́ táwọn dókítà bá fi sílẹ̀ sínú ojú tàbí ikùn máa wú lókè bí ọ̀rá ìpékeré yẹn, kò sì sí àyè tó máa wú sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkun jáde, tó lo ẹ̀rọ ìmí lábẹ́ omi, náà gbọ́dọ̀ dúró bí wákàtí 24 kó tó wọ bàálù.

Ó wá ku àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn SS. Bí ọ́síjìn bá dín nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto á ká bí dòjé, wọ́n á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, ìrora á sì dé. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú nígbà kan, ó ní wọn ò ní jẹ́ kóun wọlé. Ó wọlé lóòótọ́. Ọjọ́ kejì tó débẹ̀ ló ti wà lórí ibùsùn ọsibítù. Kí ló fi jèrè?

Èyí ni kí ẹni tó jẹ́ SS ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ti tó ọjọ́ 10, ó kéré tán, tí ìrora ńlá kẹ́yìn ti lọ. Kó ní kí dókítà rẹ̀ kọ lẹ́tà, kó sì ní kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fún un ní fọ́ọ̀mù ìlera tí wọ́n ń pè ní MEDIF, kí wọ́n lè ṣètò ọ́síjìn fún un lórí ìjókòó. Kó má dúró di ọ̀sẹ̀ tó máa lọ. Òògùn ìrora rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tó lọ sábẹ́ bàálù. Súẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ṣe pàtàkì, torí òtútù náà ń fa ìrora. Omi ni kó máa mu, kó sì máa dìde rìn. Ní ti àwọn AS, ìrìn àjò lásán nínú bàálù kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ẹni tó bá ń lo ọ́síjìn nílé ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gbà kéèyàn gbé sílíńdà tirẹ̀ wọ bàálù. Ọ́síjìn ò mọ ìgbà tó ń bá iná ṣe ọ̀rẹ́. Ọjọ́ 11 oṣù May 1996, bàálù ValuJet 592 já sínú irà Everglades ní Florida, èèyàn 110 kú, torí àwọn agolo tó ń pèsè ọ́síjìn, tí wọ́n kó sábẹ́ bàálù bí ẹrù, gbiná. Ohun tí wọ́n máa ń gbà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sẹ́ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, tó ń lo bátìrì. Ẹ kó bátìrì tó tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìrìn àjò: bó bá jẹ́ wákàtí 6, ti wákàtí 9. Bátìrì àfikún gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́.

Ọjọ́ ìrìn àjò

Afẹ́fẹ́ inú ikùn á fẹ̀ sí i tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀wà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ di ọ̀la, ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó tì yín lẹ jọ máa jèrè ẹ̀. Inú bàálù tún gbẹ bí ìgbà ọyẹ́, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀.

Fún àwọn tó ń gbé ata díndín lọ fún ọmọ lókè òkun: abẹ́ bàálù níbi tẹ́rù wà, ipá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ti òkè mu. Àmọ́ atẹ́gùn tẹ́ ẹ bá dé mọ́ inú ike náà á wú, á sì ti òróró jáde lẹ́nu ọmọrí. Ẹ jẹ́ kí ata kún dé etí, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kẹ́ ẹ sì tẹ atẹ́gùn inú ọ̀rá jáde kẹ́ ẹ tó so ó.

Bí ìbòmú bá já wálẹ̀

Bí inú bàálù bá ti ń rí bí ibi tó ga tó nǹkan bí 14,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìbòmú aláwọ̀ ìyeyè tó ń fúnni ní ọ́síjìn á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti òkè orí yín. Ó lè jẹ́ pẹ̀lú ariwo ńlá, atẹ́gùn líle, kùrukùru àti òtútù. Ó sì lè jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ariwo kankan. Èyí tí kò pariwo yìí ni mo bẹ̀rù jù, màá sọ ìdí.

Ẹ má wo ojú aládùúgbò yín kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan. Ẹ nawọ́ mú èyí tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ fà á wá sọ́dọ̀ yín gan-an kí okùn rẹ̀ lè nà. Fífà yẹn ló ń ṣí ọ́síjìn nínú ọ̀pọ̀ bàálù. Bí ẹ bá rọra bẹ ojú yín síbi tó wà, ẹ lè máa mí afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ dé e mọ́ imú àti ẹnu pọ̀, ẹ fi rọ́bà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn orí, ẹ fún un. Ní ọjọ́ 17 oṣù April 2018, tí ẹ́ńjìnnì bàálù Southwest 1380 fọ́ tó sì já fèrèsé, àwòrán táwọn èrò fúnra wọn yà fi ọ̀pọ̀ wọn hàn tí wọ́n dé e mọ́ ẹnu nìkan, imú wà níta. Àwọn yẹn ti gbọ́ ìkéde yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láyé wọn.

Ẹ mí bẹ́ ẹ ṣe máa ń mí. Ọ̀rá tó so mọ́ ọn lè má wú. Ìyẹn ò ní kí ọ́síjìn má wọlé. Ẹ lè gbóòórùn nǹkan tó ń jó: agolo tó wà lókè orí yín ló ń po kẹ́míkà pọ̀ láti fi ṣe ọ́síjìn, ó ń gbóná, eruku ara ẹ̀ sì ń jó. Ẹ má bọ́ ọ torí ẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé pa. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sí 15 ló máa ń lò nínú ọ̀pọ̀ bàálù, ó sì tó, torí awakọ̀ kò ní dúró sókè. Á kó bàálù wálẹ̀ kíákíá sí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi téèyàn ti lè mí fúnra rẹ̀. Á ṣe yín bíi pé ẹ ń já bọ́. Ẹ ò já bọ́, awakọ̀ ló ń sáré wálẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìbòmú wà níbẹ̀ náà, ẹ má sáré padà síbi ìjókòó. Tẹ́ ẹ bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ jókòó síbi tó bá ṣófo, ẹ mú ti ibẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó máa ń dun àwọn ìyá: "ẹ kọ́kọ́ dé tiyín kẹ́ ẹ tó dé tọmọ." Mo ti gbọ́ kí obìnrin kan sọ pé, "Èmi kọ́, ọmọ mi ni màá kọ́kọ́ gbà là." Ẹ gbọ́ ìṣirò ẹ̀. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 ni ọpọlọ ní láti fi ṣe nǹkan tó mọ́gbọ́n dání, bí afẹ́fẹ́ bá sì jáde lójijì, ó lè dín sí ìdajì. Ọmọ tó ń jà, tó ń sunkún, tó ń yí orí kúrò, á jẹ gbogbo àkókò yẹn tán lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin á dákú, ọmọ ọdún méjì ò sì lè dé tirẹ̀ kó tún dé tìyá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dé tiyín, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, kódà bí ọmọ bá ti fẹ́ dákú, á ta jí tí ọ́síjìn bá kàn án. Fún ọmọ tẹ́ ẹ gbé sẹ́sẹ̀, ìbòmú kan máa ń ṣẹ́ kù lórí ìlà ìjókòó. Ìdí tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ọmọ-ọwọ́ méjì wà lórí ìlà kan náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìjókòó, ẹ má bá wọn jà.

Kí ló dé tí mo fi ń bẹ̀rù èyí tí kò pariwo? Àìtó ọ́síjìn kì í roni lára. Inú á máa dùn, èékánná á máa ṣú, ọwọ́ á máa ṣe wíríwírí, ẹni náà á sì máa rò pé òun ń ṣe dáadáa. Bí ẹni tó mu ẹmu yó tó ń búra pé ojú òun dá ló ṣe ń rí. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti mọ́ yàrá ìdánwò tí wọ́n ti dín ọ́síjìn rẹ̀ kù nílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára máa ń ṣi ìyọkúrò kékeré ṣe, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tó pa àwọn èrò bàálù Helios 522 nìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù August 2005, wọ́n gbéra ní Larnaca, erékùṣù Kípírọ́sì, wọ́n ń lọ sí Áténì. Àwọn tó tún bàálù ṣe lóru ti yí kọ́kọ́rọ́ ètò afẹ́fẹ́ sí ìhà tí èèyàn á ti máa fọwọ́ darí rẹ̀, wọn ò sì dá a padà. Àwọn awakọ̀ náà ò kíyè sí i. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni fèrè ìkìlọ̀ dún. Ohùn fèrè náà ni wọ́n tún fi ń kìlọ̀ nílẹ̀ bí bàálù ò bá tíì ṣetán láti fò, ìyẹn ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Wọ́n ń bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀ lórí rédíò lórí ẹ̀ títí ọpọlọ fi kú mọ́ wọn nínú. Ìbòmú èrò já wálẹ̀, ọ́síjìn wọn tán, bàálù sì ń dá fò lọ fún ohun tó ju wákàtí méjì. Epo tán, ó já lórí òkè kan nítòsí Áténì. Gbogbo èèyàn 121 ló kú.

Ohun tí èmi fà yọ níbẹ̀: bí ìbòmú bá ti já, tó tó ìṣẹ́jú méjì, tí bàálù ò wálẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀, ẹ fọwọ́ pe òṣìṣẹ́ tó bá sún mọ́ yín, ẹ wí fún un ketekete. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Bẹ́líìtì náà, ẹ má tú u nítorí pé iná àmì ti kú. Ọjọ́ 5 oṣù January 2024, apá kan lára ògiri bàálù Alaska Airlines 1282 já kúrò ní nǹkan bí 16,000 ẹsẹ̀ bàtà, atẹ́gùn gba ẹ̀wù lọ́rùn ọmọkùnrin kan. Ẹni kankan ò kú. Bẹ́líìtì wà nídìí wọn.

Etí, nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀

Ike omi tẹ́ ẹ mu tán lókè, tẹ́ ẹ dé, ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ ilẹ̀: ó á ti rún wọnú. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù etí ṣe ń fà wọnú. Ihò tóóró kan so etí mọ́ ọ̀fun. Atẹ́gùn ń gbà á jáde wọ́ọ́rọ́ nígbà tá a bá ń gòkè, àmọ́ ó ń ṣòro fún un láti padà wọlé, àgàgà bí ọ̀fìnkìn bá ti dí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ ni etí ń dunni jù.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó balẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń dunni. Ẹ jí àwọn tó ń sùn. Ẹ máa dá itọ́ mì, ẹ máa yán, ẹ jẹ ṣingọ́ọ̀mù tàbí orógbó. Ìyá mi ò jẹ ṣingọ́ọ̀mù, orógbó ló gbà á. Bó bá ṣì dí, ẹ fún imú pa, ẹ pa ẹnu dé, ẹ rọra fẹ́ bíi pé ẹ fẹ́ fun imú. Ẹ rọra o, ìlù etí ò ju awọ lọ. Ọmọ-ọwọ́, ẹ fún un lọ́mú tàbí lómi. Bó bá ń sunkún, ẹkún náà ń ṣí etí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú táwọn èèyàn ń wò yín ti yín.

Ẹni tí ọ̀fìnkìn mú tó bẹ́ẹ̀ tí ò lè fẹ́ etí rẹ̀ ṣí nílẹ̀, tó bá lè sún ọjọ́ síwájú, kó sún un. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó béèrè òògùn tí wọ́n ń fọ́n sínú imú lọ́wọ́ apòògùn, kó sì lò ó ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìsọ̀kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Etí tó dí lẹ́yìn tẹ́ ẹ balẹ̀ sábà máa ń ṣí láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá jáde níbẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tẹ́ ẹ kò gbọ́ràn dáadáa, dókítà etí ni kẹ́ ẹ lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ má kán òróró kankan sí i.